Òkété Irin Tí Erùpẹ̀ Máàsì Kò Gbà Wọlé

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2019, irin gbọọrọ kan tí ó gùn tó 40 sẹ̀ǹtímítà, tí kò sì nípọn ju 2.7 sẹ̀ǹtímítà lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara rẹ̀ wọlẹ̀ lórí pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni pé kí ó wọlẹ̀ tó mítà 5, tàbí mítà 3 ó kéré tán, kí ó sì máa fa okùn pẹlẹbẹ kan tí wọ́n to àwọn ẹ̀rọ ìwọn ooru sí lára tẹ̀lé ara rẹ̀ bí ó ti ń lọ. Nígbà tí wọ́n pa iṣẹ́ náà tì ní oṣù Kìíní ọdún 2021, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì, ìdí irin náà kò tíì ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ nísàlẹ̀ ojú ilẹ̀. Gbogbo ìrìn rẹ̀ kò ju gígùn ara rẹ̀ lọ.

Orúkọ ẹran kékeré kan tí ń gbé abẹ́ ilẹ̀ ní Yúróòpù ni àwọn tí ó ṣe irin náà fi ń pè é. Kò sí ẹran yẹn lọ́dọ̀ wa. Òkété ni ó sún mọ́ ọn jù nínú àwọn ẹran tí a mọ̀ mọ́ ilẹ̀ gbígbẹ́, nítorí náà òkété ni n ó máa pè é. Mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ nítorí pé n kò mọ ìṣẹ̀lẹ̀ mìíràn tí ó fi hàn kedere tó bẹ́ẹ̀ pé erùpẹ̀, èyí tí a máa ń rò pé kò lè ṣe nǹkan kan fún irin, ní ìwà tirẹ̀, àti pé ẹni tí yóò bá gbẹ́ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìwà ilẹ̀ náà.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń pè ní erùpẹ̀ níbí yìí. Gbogbo ayé tí ojú rẹ̀ le nínú ẹbí Oòrùn, ìbáà ṣe Òṣùpá, Máàsì tàbí àwọn òkúta ràbàtà tí ń yí Oòrùn ká, ni ó ní ohun rírún kan tí ó bo àpáta rẹ̀: eruku, iyanrìn, ọ̀tà àti òkúta wẹẹrẹ tí kò lẹ̀ mọ́ àpáta. Ní ọdún 1897 ni George P. Merrill, onímọ̀ ilẹ̀ ará Amẹ́ríkà, fún un ní orúkọ regolith, èyí tí ó fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ṣe, ọ̀kan tí ó túmọ̀ sí aṣọ ìbora àti èkejì tí ó túmọ̀ sí òkúta. Àdàpọ̀ náà dára, nítorí pé aṣọ ni erùpẹ̀ yìí lóòótọ́, kò sì sí àpáta ayé mìíràn tí ẹ̀rọ wa lè dé láìkọ́kọ́ kan aṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ kò dọ́gba. Lórí Òṣùpá, níbi tí kò ti sí afẹ́fẹ́ tàbí òjò, òkúta tí ń já bọ́ láti ojú ọ̀run ni ó ti ń fọ́ àpáta láti ọdún gbọ́nhan. Etí ẹyọ erùpẹ̀ ibẹ̀ sì mú bí àfọ́kù ìgò. Ní Máàsì, afẹ́fẹ́ wà, bí ó tilẹ̀ fẹ́lẹ́ tí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti ayé wa, ó sì ti ń yí iyanrìn kiri títí tí etí rẹ̀ fi kújú. Iyọ̀ wà nínú erùpẹ̀ ibẹ̀ pẹ̀lú, iyọ̀ sì lè so ẹyọ erùpẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn. Kókó kékeré tí ó kẹ́yìn yìí ni ó di ọ̀ràn.

Ọkọ̀ tí ó gbé òkété náà lọ ni InSight, ti iléeṣẹ́ NASA ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rán an lọ ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ó sì balẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún kan náà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Elysium Planitia, tí kò jìnnà sí agbede méjì Máàsì. Ọkọ̀ yìí kì í rìn. Ibi tí ó bá balẹ̀ sí ni ilé rẹ̀. Inú kòtò àtijọ́ kan tí ìkọlù òkúta ojú ọ̀run gbẹ́, tí iyanrìn àti eruku sì ti kún dí, ni ó bọ́ sí, wọ́n sì sọ ibẹ̀ ní Homestead hollow. Inú gbogbo ènìyàn dùn sí ibẹ̀, nítorí pé òkúta ńlá kò pọ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, ó sì dà bí ẹni pé iyanrìn ni gbogbo rẹ̀. Àwọn Faransé ni ó ṣe ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ tí ọkọ̀ náà gbé, èyí tí ó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ yanjú. Ẹ̀rọ kejì, tí òkété wà nínú rẹ̀, ni wọ́n ń pè ní HP3. DLR, iléeṣẹ́ ìwádìí ojú ọ̀run ti Jámánì, ni ó ṣe é, Tilman Spohn ni ó ṣe olórí àwọn onímọ̀ rẹ̀, iléeṣẹ́ Astronika ní ìlú Warsaw ní Póláǹdì sì ni ó ṣe òòlù inú rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń wá ni ooru tí ń ti inú Máàsì jáde. Pílánẹ́ẹ̀tì tí ó le a máa pa ooru mọ́ sínú láti ìgbà ìdásílẹ̀ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni ooru náà sì ń sá jáde láti ojú ilẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí ooru náà ti pọ̀ tó yóò lè sọ bí inú pílánẹ́ẹ̀tì náà ti gbóná tó àti bí ó ti ń tutù sí i. Láti wọ̀n ọ́n, ohun méjì ni a nílò: bí ìgbóná ṣe ń pọ̀ sí i bí a ti ń lọ sísàlẹ̀, àti bí erùpẹ̀ ibẹ̀ ṣe ń jẹ́ kí ooru gba inú rẹ̀ kọjá. Ojú ilẹ̀ kò ṣeé gbára lé fún ìwọ̀n yìí, torí pé ooru ọ̀sán àti òtútù òru ń da ibẹ̀ rú, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀ẹ̀rùn àti òtútù ọdún ń wọ ilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pinnu pé mítà 3 sí mítà 5 ni okùn ooru náà gbọ́dọ̀ dé.

Báwo ni irin tí kò nípọn ju ọwọ́ ọkọ́ lọ ṣe lè gbá ara rẹ̀ wọlẹ̀ tó mítà 5 láìsí ẹni tí ó dúró tì í? Nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ẹ́ńjìnnì kékeré kan sí, tí ń fún sípíríǹgì pọ̀ títí yóò fi kún, tí yóò sì jọ̀ ọ́ lójijì. Sípíríǹgì náà a ju òòlù síwájú, òòlù a kọlu imú òkété láti inú, imú a sì ta sínú ilẹ̀ díẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 4 ni ó wà láàárín ìkọlù kan àti òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti yin ìbọn rí mọ̀ pé ohun tí a bá tì síwájú lójijì yóò ta ohun tí ó tì í padà sẹ́yìn. Wọ́n fi ohun wúwo kan àti sípíríǹgì mìíràn sínú rẹ̀ láti gba ìtapadà náà, síbẹ̀ díẹ̀ ṣẹ́ kù. Ìyókù náà ni wọ́n fi lé erùpẹ̀ lọ́wọ́. Bí iyanrìn bá rọ́ mọ́ ara òkété yí ká, tí ó dì í mú láti ẹ̀gbẹ́, òkété kò ní lè ta padà. Síwájú nìkan ni yóò máa lọ. Bí iyanrìn kò bá dì í mú, àtasíwájú àti àtapadà yóò pa ara wọn rẹ́, òkété yóò sì máa jó lójú kan.

Gbogbo ọgbọ́n ẹ̀rọ náà, nígbà náà, wà lórí ìlérí kan ṣoṣo, pé erùpẹ̀ Máàsì yóò wó mọ́ ọn lára. Iyanrìn gbígbẹ tí kò lẹ̀ mọ́ra ni wọ́n fi ṣe àfiwé rẹ̀ ní ilé, irú èyí tí ó máa ń ṣàn bí àgbàdo gbígbẹ nígbà tí a bá dà á. Nínú irú iyanrìn bẹ́ẹ̀, òkété ń wọlẹ̀ dáadáa. N kò rò pé ó tọ́ kí a pe èyí ní àìbìkítà. Kò sí ẹni tí ó ti gbẹ́ ilẹ̀ Elysium wò rí, àwòrán láti òkè sì fi hàn pé ojú ilẹ̀ náà rọ̀. Ìwúwo tí wọ́n fún ẹ̀rọ HP3 láti gbé lọ kò tún pọ̀. Ẹni tí a bá ní kí ó di ẹrù kékeré ni yóò mọ ohun tí a ń fi sílẹ̀ nílé.

Àmì àkọ́kọ́ ti wà lábẹ́ ọkọ̀ náà gan-an kí òkété tó sọ̀ kalẹ̀. Bí InSight ti ń balẹ̀, iná rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fẹ́ erùpẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì gbẹ́ àwọn ihò sílẹ̀. Nínú àwòrán, etí àwọn ihò náà dúró gbọnrangandan, ògúlùtu àti òkúta wẹẹrẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn sì hàn lára rẹ̀. Iyanrìn tí ń ṣàn kì í dúró bẹ́ẹ̀. Nígbà yẹn, ẹ̀rọ ti dé Máàsì, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè yí padà nínú rẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2019, apá onírin ọkọ̀ náà gbé HP3 sílẹ̀ sórí ilẹ̀, òkété sì wà nínú ilé kékeré kan tí ó mú un dúró. Ọjọ́ 28 ni òkété bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó lù fún wákàtí 4. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta, ó tún lù fún wákàtí 5. Nígbà tí ìròyìn dé ayé, wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gígùn rẹ̀ ni ó ti jáde kúrò nínú ilé rẹ̀ wọ inú ilẹ̀, àti pé ó ti fẹ̀gbẹ́ tó nǹkan bí dìgírì 15. Láti ìgbà yẹn kò lọ mọ́. Ohun tí ó kọ́kọ́ wọ ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ó ti kọlu òkúta. Àbá yìí ṣe é gbà. Òkúta wà nínú erùpẹ̀ níbi gbogbo. Àbá kejì ni pé ilẹ̀ kò dì í mú. Láti òkè, kò sí bí a ṣe lè mọ èyí tí ó jẹ́ òótọ́, nítorí pé ilé ẹ̀rọ náà bo ẹnu ihò mọ́lẹ̀. Nǹkan tí ó ṣòro jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, lójú tèmi, nìyí: gbogbo wọn jókòó ní Berlin àti ní California, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sì rán sí Máàsì yóò lo ìṣẹ́jú 3 sí 22 lójú ọ̀nà, bí ayé méjèèjì bá ṣe jìnnà síra wọn sí. Àwọn tí ó wà ní ilé kò lè fi ọwọ́ kan ilẹ̀ náà láé.

Ní ìparí oṣù Kẹfà ọdún 2019 ni wọ́n gbójúgbóyà gbé ilé ẹ̀rọ náà kúrò. Ìgbà mẹ́ta ni apá onírin fi gbé e díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń yẹ àwòrán wò lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má baà fa òkété jáde mọ́ ọn. Bí ó bá jáde tán, kò sí ọgbọ́n kankan tí apá náà lè fi gbé e padà sínú ihò. Ní ọjọ́ 28, ẹnu ihò hàn gbangba.

Àwòrán náà yẹ fún àyẹ̀wò fínnífínní. Òkété dúró ní ẹ̀gbẹ́ ihò, ó fẹ̀yìn tì. Ihò náà gbòòrò tó ìlọ́po méjì ìbú òkété, ó yí po bí ẹnu ìkòkò. Ara ògiri rẹ̀ ṣù pọ̀, kò sì wó. Ní apá kan, etí òkè rẹ̀ yọ sórí òfìfo bí etí òrùlé. Òkété tí ń gbọ̀n lójú kan fún wákàtí mélòó kan ni ó fi ara rẹ̀ lọ ihò náà gbòòrò, ó ń fọ́ erùpẹ̀ etí rẹ̀, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nísàlẹ̀. Iyanrìn tí ó yẹ kí ó ya bo ara rẹ̀ dúró ní ìtòsí láìfara kàn án.

Ọmọ tí ń ṣeré létí odò mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Bí ó bá gbẹ́ iyanrìn gbígbẹ, bí ó ti ń gbẹ́ ni ó ń ya padà, kòtò rẹ̀ kò ní ju àwo lọ. Bí ó bá gbẹ́ èyí tí ó tutù díẹ̀, yóò gbẹ́ kànga kékeré tí ògiri rẹ̀ dúró ṣánṣán. Iyanrìn kan náà ni. Ìlẹ̀mọ́ra díẹ̀ láàárín ẹyọ àti ẹyọ ni ó yí ìwà rẹ̀ padà. Ní Máàsì, kò sí omi odò tí yóò ṣe iṣẹ́ yìí. Ohun tí àwọn onímọ̀ gbà ni pé nísàlẹ̀ eruku tín-ínrín tí ó wà lójú ilẹ̀, èépá kan wà tí ohun kan, bóyá iyọ̀, ti lẹ̀ pọ̀. Irú èépá bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní Máàsì, torí pé àwọn ọkọ̀ Viking méjèèjì tí ó balẹ̀ ní ọdún 1976 ti rí irú rẹ̀. Ohun tí ó ya gbogbo wọn lẹ́nu ni ìnípọn rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n parí ìṣirò, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 ni, èyí tí ó tó ìdajì gígùn ara òkété fúnra rẹ̀. Agbára òòfà Máàsì, tí kò ju nǹkan bí ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún ti ayé lọ, tún dá kún un, nítorí pé erùpẹ̀ tí ó fúyẹ́ kì í tètè wó.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ ìdáǹdè bẹ̀rẹ̀, apá onírin ni ó sì ṣe é. Apá náà ní ṣọ́bìrì kékeré kan lẹ́nu, ṣùgbọ́n wọn kò ṣe é fún irú iṣẹ́ yìí rárá. Ẹ̀rọ ni wọ́n ṣe é kí ó máa gbé sílẹ̀, kò sì lágbára púpọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹ̀ ṣọ́bìrì tẹ ilẹ̀ ẹ̀bá ihò, kí etí rẹ̀ lè wó sínú. Ilẹ̀ náà kò wó bí wọ́n ti retí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, wọ́n gbìyànjú ọgbọ́n kejì: wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ṣọ́bìrì ti òkété mọ́ ògiri ihò, kí irin kan lè dípò ìdìmú tí erùpẹ̀ kọ̀ láti ṣe. Òkété sì lọ. Sẹ̀ǹtímítà 2 péré ni, síbẹ̀ ó lọ, ohun tí ìrìn kékeré yẹn sì sọ ṣe pàtàkì ju gígùn rẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ òkúta ni ó dí i lọ́nà, títì láti ẹ̀gbẹ́ kò ní ràn án lọ́wọ́. Àbá kejì ni ó gbé iwájú láti ọjọ́ náà.

Ọjọ́ 26 oṣù kan náà ni ìbànújẹ́ dé. Bí wọ́n ti ń tún un lù, òkété yí ọ̀nà padà, ó ń ta sẹ́yìn, ó sì ń gun òkè títí ìdajì ara rẹ̀ fi yọ síta. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé nígbàkúùgbà tí ó bá ta padà, erùpẹ̀ rírún ń ya sí abẹ́ imú rẹ̀, àyè tí ó fi sílẹ̀ sì ń kún kí ó tó padà síbẹ̀. Ilẹ̀ tí kò gbà kí ó wọlé ń tì í jáde. Wọ́n tún tì í, ó tún wọlé díẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ó tún yọ.

Ohun tí ó kù láti ṣe ni èyí tí wọ́n ti ń sá fún láti ìbẹ̀rẹ̀, pé kí ṣọ́bìrì tẹ ìdí òkété láti òkè wá. Ẹ̀rù tí ó wà níbẹ̀ ni pé láti ìdí yẹn gan-an ni okùn pẹlẹbẹ tí ó gbé wáyà àti ẹ̀rọ ìwọn ooru ti jáde. Bí ṣọ́bìrì bá yọ̀ tẹ̀ ẹ́, tí ó bà á jẹ́, òkété kò ní gba iná mọ́, kò sì ní fọhùn mọ́. Nítorí náà, láti oṣù Kẹta ọdún 2020 títí di oṣù Kẹfà, wọ́n ń gbé ṣọ́bìrì lé orí ìdí tí kò fẹ̀ ju owó ẹyọ kan lọ, wọ́n ń lù díẹ̀, wọ́n ń dúró de àwòrán, wọ́n ń gbé apá náà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n sì tún ń lù. Ó ṣiṣẹ́. Nígbà tí yóò fi di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, ṣọ́bìrì ti kan ilẹ̀, òkété sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè tí ó wá kù ni bóyá òkété lè dá lọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà, wọ́n lù ú láìtì í. Nínú àwòrán tí ó padà wá, erùpẹ̀ díẹ̀ tí ó wà nínú ṣọ́bìrì ń mì, ó ń fò sókè. Ohun tí ó mì ín ni òkété, tí ń ta padà láti ìsàlẹ̀, tí ń kan àtẹ́lẹ̀ ṣọ́bìrì náà. Mo ti wo àwòrán yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, ẹyọ erùpẹ̀ bíi mélòó kan tí ń jó nínú irin ṣọ́bìrì, tí wọ́n sì sọ gbogbo ohun tí a nílò láti gbọ́: ilẹ̀ kò tíì dì í mú.

Láti oṣù Kẹjọ ni wọ́n fi ṣọ́bìrì ha erùpẹ̀ sínú ihò, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ó lè bo òkété kí ó sì fún un ní ìdìmú. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹwàá, gbogbo òkété ti wà nísàlẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2021, wọ́n lù ú ní ìgbà 500 láìdúró. Kò lọ rárá. Ní ọjọ́ 14, wọ́n kéde pé iṣẹ́ wíwọlẹ̀ ti dópin.

Ó rọrùn láti ka ìtàn yìí sí àṣetì. Ní ti ooru inú Máàsì, àṣetì ni lóòótọ́. Wọn kò rí ìwọ̀n tí wọ́n wá, kò sì sí ọ̀rọ̀ dídùn tí yóò pa ìyẹn rẹ́. Ní ti erùpẹ̀, kò sí ẹni tí ó ti mọ ilẹ̀ Máàsì nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Òkété ní ohun èlò tí ń gbóná lára rẹ̀. Wọ́n a tan ooru náà, wọ́n a sì wo bí ara rẹ̀ ṣe ń yára gbóná sí. Bí erùpẹ̀ tí ó yí i ká bá ń gbé ooru lọ kíákíá, kò ní gbóná púpọ̀. Èsì tí wọ́n rí ni 0.039 wáàtì fún mítà kan fún dìgírì kan, èyí tí ó sún mọ́ ti fóòmù funfun tí àwọn tí ń ta ohun mímu tútù fi ń kọ́ kúlà. Erùpẹ̀ Máàsì ń pa ooru mọ́ bí fóòmù. Wọ́n tún tan ooru náà ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ọdún, wọ́n sì rí i pé èsì ń yí padà bí ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ Máàsì ti ń lọ sókè sódò. Afẹ́fẹ́ tín-ínrín tí ó wà láàárín ẹyọ àti ẹyọ ni ó ń gbé ooru kọjá, nítorí náà nígbà tí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, ooru ń rìn dáadáa. Ilẹ̀ tí ó ti lẹ̀ pọ̀ gbirigbiri kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí èyí fi hàn ni pé àlàfo pọ̀ nínú èépá náà, ìlẹ̀mọ́ra rẹ̀ kò sì ju ibi tí ẹyọ ti kan ẹyọ lọ. Ìlẹ̀mọ́ra kékeré bẹ́ẹ̀ ni ó dá gbogbo iṣẹ́ yìí dúró.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí erùpẹ̀ yóò kọ̀ fún àwọn tí ń wá ooru. Ní ọdún 1971, nígbà tí Apollo 15 balẹ̀ ní Hadley lórí Òṣùpá, David Scott, ọ̀kan nínú àwọn tí ó bá a lọ, fi ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ gbẹ́ ihò méjì fún irú ìwọ̀n yìí gan-an. Ihò tí ó jìn jù kò ju 1.6 mítà lọ, kò sì tó ibi tí wọ́n ní lọ́kàn, nítorí pé erùpẹ̀ Òṣùpá dì pinpin ní ìsàlẹ̀, àti pé ibi tí irin ẹ̀rọ náà ti so pọ̀ kò jẹ́ kí erùpẹ̀ tí ó ń gbẹ́ rí ọ̀nà jáde. Ìyàtọ̀ pàtàkì tí mo rí ni pé ènìyàn wà níbẹ̀, tí ó fi ejìká rẹ̀ gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń kọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún irin náà ṣe, ní oṣù Kejìlá ọdún 1972 sì ni Apollo 17 fi gbẹ́ ihò tí ó lé ní 2 mítà. Wọ́n ní àyè láti padà lọ pẹ̀lú irin tí ó dára jù. Òkété HP3 kò ní ìgbà kejì.

Nínú àlàyé tí àwọn tí ó ṣe òkété kọ lẹ́yìn náà, wọn kò fi ohunkóhun pamọ́, mo sì gbóríyìn fún wọn nítorí rẹ̀. Wọ́n sọ pé bí wọ́n bá gbà kí ẹ̀rọ náà wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ìbá ṣe òòlù tí ó lágbára jù, ilé tí ó wúwo tó láti mú òkété dúró ṣánṣán, àti òkété tí kò ní gbára lé erùpẹ̀ púpọ̀. Àfikún ìwúwo bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ lórí ayé. Nínú ọkọ̀ tí ń lọ sí Máàsì, ó lè jẹ́ ohun tí yóò mú kí wọ́n yọ gbogbo ẹ̀rọ náà kúrò. Ohun tí èmi yóò fi kún un ni pé ìwúwo nìkan kọ́ ni. Ilẹ̀ àfiwé ni wọ́n gbọ́dọ̀ mú jù kan lọ. Ẹni tí ó bá fi iyanrìn gbígbẹ nìkan dán irin wò ti dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo, nígbà tí ilẹ̀ tí ó ń lọ lè bi í ní mẹ́rin.

Ṣọ́bìrì tí ó ti òkété náà ṣì ní iṣẹ́ kan kù. Eruku ti ń bo páńẹ́lì sólà InSight láti ọjọ́ tí ó ti balẹ̀, iná rẹ̀ sì ń dínkù. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, apá onírin bu iyanrìn, ó sì rọra ń dà á sílẹ̀ ní ẹ̀bá páńẹ́lì náà nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kí ẹyọ iyanrìn tí ó tóbi lè máa ta lórí páńẹ́lì, kí ó sì máa gbá eruku kíkúnná lọ. Ó fi nǹkan bí wáàtì-wákàtí 30 kún iná ọjọ́ kan, wọ́n sì tún un ṣe nígbà mìíràn. Ó ràn án lọ́wọ́ fún sáà kan. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni wọ́n gbọ́ ohùn ọkọ̀ náà kẹ́yìn. Eruku ti bo páńẹ́lì méjèèjì, òkété sì wà nínú ihò tí wọ́n kún fún un, imú rẹ̀ nísàlẹ̀, ìdí rẹ̀ lábẹ́ erùpẹ̀ sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta.